Ẹ̀jẹ̀ Òṣoògùn Nínú Orúkọ Macaulay

Ní ọdún 1859, ọkùnrin méjì ló wà láyé tí wọ́n ń jẹ́ Thomas Babington Macaulay. Ọ̀kan wà ní Lọ́ńdọ̀nù: òpìtàn ni, olóṣèlú ni, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì sì ti fi oyè Baron dá a lọ́lá ní 1857. Èkejì wà ní Èkó: àlùfáà ìjọ CMS ni, ọmọ Yorùbá pọ́ńbélé, òun ló sì ṣí ilé-ìwé girama CMS ní oṣù kẹfà ọdún 1859 náà, oṣù mélòó kan kí ti Lọ́ńdọ̀nù tó kú ní ọjọ́ 28 oṣù kejìlá. Wọn kò jọ ní bàbá, wọn kò jọ ní ìyá, wọn kò jọ ní ìlú. Orúkọ nìkan ni wọ́n jọ ní. Sàró, ìyẹn Sierra Leone, ni orúkọ náà gbà wọ ilé Yorùbá, torí Zachary Macaulay, tó bí ti Lọ́ńdọ̀nù, ti ṣe gómìnà níbẹ̀ ní àwọn ọdún 1790, orúkọ rẹ̀ kò sì ṣàjèjì létí àwọn ará wa tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà lọ́wọ́ olówò ẹrú tó sì kó lọ síbẹ̀. Ọmọ tí Macaulay ti Èkó bí ní 1864 ni Herbert Macaulay, ẹni tó dá ẹgbẹ́ òṣèlú NNDP sílẹ̀ ní 1923. Ẹni tó bá ń fi orúkọ wá ìdílé Herbert Macaulay kiri, òkè òkun ni yóò gúnlẹ̀ sí, láàárín àwọn ará Scotland. Ẹni tó bá gba ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ lọ, Òṣoògùn ni yóò gúnlẹ̀ sí, ní ilẹ̀ Ìṣẹ́yìn, nínú Òkè-Ògùn tiwa níbí.

Abigail ni ìyá Herbert, ọmọ Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther. Ní 1821 ni ogun tú Òṣoògùn, tí wọ́n kó Àjàyí lẹ́rú pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àti àwọn àbúrò rẹ̀. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́ títí ó fi dé inú ọkọ̀ àwọn Potogí, kí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ Myrmidon tó gbà á sílẹ̀ ní oṣù kẹrin 1822. Nígbà tí wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní Sàró ní oṣù kejìlá 1825, ó gba orúkọ Samuel Crowther, orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgbà CMS. Bí Crowther ṣe di orúkọ ìdílé ọmọ Òkè-Ògùn nìyẹn. Ẹ wá wo èyí tó bá a bọ̀ láti ilé, Àjàyí. Orúkọ àmútọ̀runwá ni: ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé ni à ń pè bẹ́ẹ̀. Orúkọ náà sọ bí ọmọ ṣe jáde nínú ìyá rẹ̀, kò sọ ilé tí wọ́n bí i sí. Síbẹ̀, lónìí, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ló ń jẹ́ Àjàyí gẹ́gẹ́ bí orúkọ ìdílé, Ọ̀jọ̀gbọ́n J. F. Adé Àjàyí sì wà lára wọn, òpìtàn ọmọ Ìkọ̀lé-Èkìtì tí wọ́n bí ní 1929 tó sì di olóògbé ní 2014. Òun gan-an ló wà lára àwọn tó kọ̀wé jinlẹ̀ jù lórí ìgbésí ayé Crowther. Ọmọ Èkìtì jókòó, ó ń kọ ìtàn ọmọ Òkè-Ògùn. Ẹni tí kò mọ bí a ṣe ń sọ ọmọ lórúkọ yóò rò pé ọmọ-ọmọ ló ń kọ ìtàn bàbá ńlá rẹ̀.

Ohun tí mò ń sọ kò díjú. Láàárín àwa Yorùbá, tí ọba méjì tàbí olóṣèlú méjì bá jọ ń jẹ́ orúkọ ìdílé kan, a kò tíì mọ nǹkan kan nípa bóyá ìran kan ni wọ́n. Ẹnu ọ̀nà tí orúkọ gbà wọlé ni orúkọ ń fi hàn wá: bóyá ti ṣọ́ọ̀ṣì ni, bóyá ti mọ́ṣáláṣí, bóyá ti ilé-ìwé, bóyá ti ààfin. Ibi tí ẹ̀jẹ̀ gbà wá, ọ̀tọ̀ ni. Agbo-ilé, oríkì orílẹ̀, èèwọ̀, oyè ilé àti ọ̀dọ̀ ìyá ni à ń wò kí a tó mọ ìyẹn. Ọ̀rọ̀ yìí ká àwa tí iṣẹ́ wa jẹ́ títo ìran ìdílé sílẹ̀ lára gidigidi, torí àsìkò yìí gan-an ni àwọn ìlú wa ń kọ ìtàn ara wọn. Láti Kìṣí dé Ìṣẹ́yìn, láti Ìgbòho dé Òkèhò, ìwé ìtàn ìlú ń jáde, ìdílé ń ṣe àjọ̀dún, àríyànjiyàn oyè ń dé iwájú adájọ́. Àṣà kan sì ń bá a rìn: wọ́n á mú orúkọ olókìkí kan, wọ́n á wá gbogbo ẹni ńlá tó jẹ́ orúkọ náà rí, wọ́n á sì tò wọ́n bí ìlẹ̀kẹ̀. Ìlẹ̀kẹ̀ náà lè dára lójú. Okùn ni kò sí nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ti Ìgbòho bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀rí ti lágbára jù. Nígbà tí àwọn Tápà lé Aláàfin kúrò ní Ọ̀yọ́-Ilé, apá ọ̀hún ni ààfin ṣí wá, Ìgbòho sì di ibùjókòó ọba ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrìndínlógún. Aláàfin mẹ́rin ni ìtàn sọ pé wọ́n sin sí Igbó Ọba níbẹ̀: Òfinràn, Egúnojú, Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀ àti Ajíbóyèdé. Ìdílé kan náà ni wọ́n. Egúnojú jẹ́ ọmọ Òfinràn. Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀ jẹ́ ọmọ ìyá tàbí ọbàkan Egúnojú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn kan sọ pé ọkùnrin ni, tí àwọn mìíràn sì sọ pé obìnrin ni. Ẹ wá orúkọ kan tó so mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ẹ kò ní rí i. Ìtẹ́ tí wọ́n jókòó lé, àwọn arọ́kin tó mọ ẹni tó bí wọn, oríkì tí wọ́n ń kì wọ́n, ilẹ̀ tí wọ́n sùn sí, ìyẹn ló sọ wọ́n di ìdílé kan. Ká ní ẹnì kan dé ààfin Ìgbòho láyé ọjọ́un, tó béèrè orúkọ ìdílé Ọ̀rọ̀ǹpọ̀tọ̀, wọn kì bá mọ ohun tó ń béèrè. Wọn ì bá kì í fún un títí ilẹ̀ yóò fi ṣú, inú oríkì yẹn ni ìdáhùn rẹ̀ ì bá sì wà.

Orúkọ ìdílé bí a ṣe mọ̀ ọ́n lónìí, èyí tí ọmọ ń gbà lọ́wọ́ bàbá tí ìyàwó sì ń gbà lọ́wọ́ ọkọ, àlejò ni láàárín wa. Ìrìbọmi ló kọ́kọ́ mú un dé. Kóòtù, ìwé owó orí àti iṣẹ́ ìjọba tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ní àwọn ìlú ọ̀dàn wa, mo gbà pé ìwé orúkọ ilé-ìwé ló parí iṣẹ́ náà. Ní oṣù kìíní 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, iye ọmọ tó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ sì fò láti nǹkan bí 457,000 ní 1954 dé ohun tó lé ní 811,000. Ọmọ kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní orúkọ méjì nínú ìwé tíṣà. Orúkọ tó bá wà nítòsí ni wọ́n kọ: orúkọ àbísọ bàbá, orúkọ bàbá àgbà, oyè tí bàbá ń jẹ, iṣẹ́ tó ń ṣe, tàbí orúkọ tí ààfáà sọ ọ́ lọ́jọ́ kẹjọ. Ọmọ ìyá méjì lè wọ ilé-ìwé lọ́dún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan máa jẹ́ orúkọ bàbá, kí èkejì máa jẹ́ orúkọ bàbá àgbà, kí agbo-ilé kan sì di ìdílé méjì nínú ìwé láìsí ìjà láìsí ìta. Ohun tí wọ́n fi kálámù tíṣà ṣe ní ìṣẹ́jú kan ni àwọn kan ń mú wá lónìí bí ẹni pé àwọn baba ńlá ló fi lé wọn lọ́wọ́.

Ìṣẹ́yìn ṣe àpẹẹrẹ ẹnu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí dáadáa, torí ìlú tí ẹ̀sìn Ìsìláàmù ti pẹ́ ni. Aṣẹ́yìn tó wàjà ní 2022 ni Ọba Abdul-Ganiyu Adékúnlé Salaudeen. Ẹni tó gorí ìtẹ́ lẹ́yìn rẹ̀ ni Ọba Sefiu Ọláwálé Oyèbọ́lá, orúkọ tó sì fi jọba ni Adéyẹrí Kẹta. Salaudeen, Oyèbọ́lá, Adéyẹrí: ìtẹ́ kan, orúkọ mẹ́ta, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì gba ibi tirẹ̀ wọlé. Salaudeen jẹ́ orúkọ Lárúbáwá. Òun náà ni orúkọ ọba Íjíbítì tó gba Jerúsálẹ́mù lọ́wọ́ àwọn ajagun Kristẹni ní 1187, àwọn Mùsùlùmí láti ilẹ̀ Hausa dé Íńdíà ló sì ń jẹ́ ẹ. Kò sí òpìtàn Ìṣẹ́yìn kan tí yóò so Aṣẹ́yìn mọ́ ọba Íjíbítì yẹn torí orúkọ. Gbogbo wa ló mọ̀ pé orúkọ Lárúbáwá ń rìn láti ìlú dé ìlú láìgbé ẹ̀jẹ̀ dání. Ohun tí mi ò rí ìdí rẹ̀ ni bí ìmọ̀ yìí ṣe ń fò lọ lórí wa nígbà tí orúkọ náà bá jẹ́ ti Yorùbá, bí ẹni pé Adébáyọ̀ tàbí Oyèdélé kò lè rìn bí Salaudeen ṣe ń rìn.

Ẹni tó bá fẹ́ já ọ̀rọ̀ mi ní koro, ó mọ ibi tí yóò ti mú un. Yóò ní, Adéyẹmí ńkọ́? Aláàfin mẹ́ta ló ti jẹ́ orúkọ yẹn ní Ọ̀yọ́: Adéyẹmí Kìíní láti 1876 sí 1905, Adéyẹmí Kejì láti 1945 sí 1955, àti Làmídì Ọláyíwọlá Adéyẹmí Kẹta láti 1970 títí ó fi wàjà ní oṣù kẹrin 2022. Bàbá, ọmọ, ọmọ-ọmọ ni wọ́n lóòótọ́. Ṣé orúkọ kò fi ẹ̀jẹ̀ hàn níbí? Mo gbà pé ẹ̀jẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo bí orúkọ ṣe dé ibẹ̀. Adéníran ni orúkọ Adéyẹmí Kejì. Orí ìtẹ́ ló ti mú orúkọ bàbá rẹ̀. Ọmọ Adéníran ni Làmídì. Òun náà orí ìtẹ́ ló ti di Adéyẹmí Kẹta. Orúkọ tí ọba fi ń jọba ni, ìtẹ́ ló ń fún ni, a sì lè fi í sílẹ̀ fún ogójì ọdún kí a tó tún mú un. Ẹ̀rí tó fi wọ́n hàn bí ìran kan wà níbòmíràn: ilé Alówólódù ni wọ́n ti wá, ọ̀kan nínú ilé ọba méjèèjì tó pín láti ara Aláàfin Àtìbà. Ilé kejì ni Agúnlóyè, ilé tí Ladigbolu Kìíní àti Ladigbolu Kejì ti jọba. Ọmọ bàbá kan ni Adélù tí í ṣe orísun ilé Agúnlóyè àti Adéyẹmí Kìíní, Àtìbà ló bí àwọn méjèèjì. Ẹ̀jẹ̀ kan náà ló wá ń jẹ́ Ladigbolu lọ́wọ́ kan tó ń jẹ́ Adéyẹmí lọ́wọ́ kejì. Ẹni tó bá ń fi orúkọ wá Àtìbà yóò pín ọmọ bàbá kan sí ìdílé méjì tí kò mọ ara wọn.

Kí ó sì tó dákẹ́, yóò tún kó àwọn tí kì í ṣe ara wọn pọ̀. Àgbà olùkọ́ni Canon M. C. Adéyẹmí, tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ tó wà ní Oǹdó, ọmọ Oǹdó ni. Smart Adéyẹmí tó ṣe sẹ́nétọ̀ fún Ìwọ̀-Oòrùn Kogí, ọmọ Ìyàrá ní ilẹ̀ Ìjùmú ni. Akeem Adéyẹmí tó wà nílé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Abuja, ọmọ Aláàfin Làmídì ni. Olókìkí mẹ́ta, ilẹ̀ mẹ́ta. Mo sì fẹ́ kí a fiyè sí ẹni kẹta yẹn, torí ara rẹ̀ ni a ti ń rí bí orúkọ tí ọba fi ń jọba ṣe ń di orúkọ ìdílé lójú wa báyìí. Ọgọ́rùn-ún ọdún sí i, ẹ̀rí ẹ̀jẹ̀ yóò wà nínú Adéyẹmí ti ìran tirẹ̀. Kò sí i fún àwọn tó ṣáájú bí ó ṣe wà fún un.

Àwọn kan á tún sọ pé ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ tó láti fi mọ ilé: Adé fún ìdílé ọba, Àyàn fún onílù, Ọdẹ fún ọdẹ, Ọ̀jẹ̀ fún eléégún, Ifá fún babaláwo. Òtítọ́ pọ̀ nínú èyí, n kò sì ní fọwọ́ rọ́ ọ tì. Àyàn ló lágbára jù nínú wọn. Ẹni tó ń jẹ́ Àyàndélé, ìlù wà nílé wọn tàbí ó ti wà níbẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n irú ilé ni ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ ń sọ, kò sọ ilé wo. Ìlú aládé kún ilẹ̀ Yorùbá, gbogbo wọn ló ń bí Adé. Ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí sì ti yọ Ifá àti Ògún kúrò lórí ọ̀pọ̀ orúkọ, wọ́n fi Olú tàbí Jésù rọ́pò, tó fi jẹ́ pé nínú agbo-ilé babaláwo kan, àwọn àgbà ń jẹ́ Ifá, àwọn ọmọ wọn ń jẹ́ Olú, ẹni tó bá gba ìbẹ̀rẹ̀ orúkọ gbọ́ yóò rò pé àjèjì ló kọ́lé sí àárín wọn. Oyè pàápàá ti di orúkọ. Gbogbo ìlú tó ti jagun rí ló ní Balógun, ìdílé Balógun kọ̀ọ̀kan sì lè sọ ọ́ di orúkọ. Kọ́láwọlé Balógun tó ṣe mínísítà fún ẹgbẹ́ NCNC láyé kí a tó gba òmìnira, ọmọ Ọ̀tàn-Ayégbajú ni. Kọ́lá Balógun tó ṣe sẹ́nétọ̀ fún Gúúsù Ọ̀yọ́ láti 2019 sí 2023, ọmọ agbo-ilé Alíìwò ní Ìbàdàn ni, àbúrò Olúbàdàn Lékan Balógun tó wàjà ní 2024. Orúkọ méjèèjì bá ara wọn mu láti iwájú dé ẹ̀yìn, iṣẹ́ òṣèlú kan náà ni wọ́n ṣe, ilé wọn sì jìnnà síra.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni ti àwọn Johnson, torí ọwọ́ wọn ni ìtàn wa wà. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, Samuel Johnson tó kọ ìtàn Yorùbá, iṣẹ́ tó parí ní 1897 tí àbúrò rẹ̀ Dókítà Obadiah Johnson sì sapá kí ó tó jáde ní 1921, James Johnson tó di igbá-kejì bíṣọ́ọ̀bù ní 1900, àti G. W. Johnson tó dá ìgbìmọ̀ ìjọba Ẹ̀gbá sílẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1865: gbogbo wọn ló ti Sàró dé. Samuel sọ pé ìran Aláàfin Abíọ́dún ni àwọn. James, ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Ìjẹ̀bú ló bí i. Ẹ wá fi èyí wé ohun tí ìtàn sọ nípa Crowther, pé Àfàlá ìyá rẹ̀ náà ti ara Abíọ́dún wá. Bí ìtàn méjèèjì bá rí bẹ́ẹ̀, Samuel Johnson àti Àjàyí Crowther, tí orúkọ wọn kò bára tan, ni ẹ̀jẹ̀ bá ara wọn tan, nígbà tí Samuel Johnson àti James Johnson, tí ìwé ìjọ kan náà tò wọ́n síra, kò bára tan rárá. Irú èyí kò tán síbẹ̀. Ọmọ bàbá kan, ọmọ ìyá kan ni Olikoye Ransome-Kuti, mínísítà ètò ìlera láti 1985 sí 1992, àti Fẹlá olórin. Ṣùgbọ́n Fẹlá bọ́ Ransome sọnù, ó di Aníkúlápó. Àlùfáà David Brown Vincent di Mójọlá Agbebí ní 1894. Òkùnkùn ni fún ẹni tó bá fi orúkọ ṣe àtùpà nínú ilé wọ̀nyí.

Wọn ò ní ṣàì rán mi létí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Mo gbà á tọkàntọkàn, ọ̀rọ̀ náà sì wà lẹ́yìn mi. Ilé ni a wò; ọmọ kọ̀ọ̀kan ni a sì sọ lórúkọ tirẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ilé ṣe rí lọ́jọ́ tó dé. Bí ọrọ̀ bá ń wọlé, èyí ni Ọlá-. Bí ikú bá ń jà, èyí ni Kúkọ̀yí. Orúkọ Yorùbá jẹ́ ìròyìn ọjọ́ kan nínú ìgbésí ayé ilé kan. Tí a bá mú ìròyìn ọjọ́ kan yẹn, tí a gbé e lé ọmọ-ọmọ lórí fún ìran mẹ́rin, a ti yí iṣẹ́ rẹ̀ padà. Ohun tí àwọn baba wa dá sí fún iṣẹ́ ìran ni oríkì orílẹ̀. Nínú agbo-ilé ahunṣọ ní Ìṣẹ́yìn, ẹ lè bá ẹni tó ń jẹ́ Raji, ẹni tó ń jẹ́ Òjó, ẹni tó ń jẹ́ Adéléke nínú ìwé, kí gbogbo wọn sì jẹ́ ọmọ Òpómúléró nígbà tí ìyá àgbà bá ń kì wọ́n láàárọ̀. Samuel Johnson fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé obìnrin kì í gba orílẹ̀ ọkọ rẹ̀. Ó wọ ilé ọkọ tòun ti orílẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹ fi èyí wé orúkọ ìdílé òde òní, tí ìyàwó ń gbà lọ́jọ́ ìgbéyàwó bí aṣọ ẹbí.

Oríkì pàápàá kò mọ́ pátápátá, ó yẹ kí n sọ ọ́. Karin Barber, nínú ìwé tó kọ lórí oríkì Òkukù tó jáde ní 1991, fi hàn pé agbo-ilé kan lè gba àlejò mọ́ra, kí àlejò náà máa jẹ́ ará ilé ní gbogbo ọ̀nà, kó sì di orílẹ̀ tirẹ̀ mú. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ pé ìwọ̀fà tàbí ẹrú ni baba wọn nínú ilé olóyè, tí ilé náà gbé wọn wọ̀ pátápátá. Nítorí náà, ẹni tó bá ní oríkì nìkan tó, ó ti kọ́ ilé rẹ̀ sórí òpó kan. Ṣùgbọ́n òpó kan yàtọ̀ sí kò-sí-òpó. Oríkì lè ṣìnà níbì kan. Èèwọ̀ lè tún un ṣe. Oyè tí ilé náà ń jẹ lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀. Ilẹ̀ oko tí wọ́n pín, ibi tí wọ́n ń sin òkú wọn sí, ẹni tí wọn kò lè fẹ́, gbogbo rẹ̀ ń ṣe ẹlẹ́rìí fún ara wọn. Òfin Àwọn Ọba àti Ìjòyè ti Ìwọ̀-Oòrùn ọdún 1957 pàápàá, bí ó tilẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ agbẹjọ́rò, kò béèrè orúkọ ìdílé lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ jọba. Orúkọ ilé tó ń jọba ló ní kí wọ́n kọ sílẹ̀, àti bí wọ́n ṣe ń yí i ká. Ẹni tó ń jẹ́ Salaudeen nínú ìwé ìrìnnà ló lè jẹ́ ọmọ oyè. Ẹni tó ń jẹ́ orúkọ ọba àná ló lè jẹ́ àlejò. Àwọn afọbajẹ mọ èyí láìsí ìwé.

Àtakò tó wúwo jù lójú mi ni ti àwọn tó sọ pé kò ṣe é yí padà mọ́. Orúkọ ìdílé wà nínú ìwé-ẹ̀rí, nínú nọ́mbà NIN, ní báńkì, nínú ìwé ilẹ̀. Ọmọ Ṣakí tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Chicago kò ní nǹkan mìíràn tó so ó mọ́ ilé ju orúkọ yẹn lọ. Òótọ́ ni. Orúkọ ti di ohun tí ó ń so ni pọ̀, bí a bá fún un ní ìran mẹ́ta sí mẹ́rin sí i, ẹ̀jẹ̀ yóò bá orúkọ dọ́gba níbi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìdí nìyẹn gan-an tó fi yẹ kí a kọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣì wà. Àwọn tó ṣáájú wa nínú ọ̀rọ̀ orúkọ ìdílé ti fi ojú wọn rí i. Ní Ajúdà, ní orílẹ̀-èdè Benin, orúkọ de Souza ti ọ̀dọ̀ Francisco Félix de Souza wá, oníṣòwò ẹrú tó kú ní 1849. Paul-Émile de Souza tó ṣe olórí orílẹ̀-èdè náà, àti Bíṣọ́ọ̀bù Isidore de Souza tó darí àpérò gbogbogbò ní 1990, jọ ń jẹ́ ẹ, àwọn tí baba ńlá wọn jẹ́ ẹrú nínú ilé oníṣòwò náà sì ń jẹ́ ẹ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn aláwọ̀ dúdú ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jẹ́ Washington lónìí. Orúkọ olówó ẹrú àti orúkọ ọmọ ẹrú wà nínú ìlà kan náà, ẹni tó bá ka ìlà náà láìbéèrè ohunkóhun yóò pe ẹni tí wọ́n rà ní ọmọ ẹni tó rà á. Kì í ṣe àṣìṣe kékeré. Ó ń pa ìyà tí ẹnì kan jẹ rẹ́ nínú ìtàn.

Òun ló jẹ́ kí n padà sí Òṣoògùn. Bí àwa ará Òkè-Ògùn bá fẹ́ kọ orúkọ Herbert Macaulay sínú ìwé ìtàn wa, tí mo sì gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀, orúkọ Macaulay kò lè ràn wá lọ́wọ́, ti Crowther náà kò lè ràn wá lọ́wọ́. Ohun tí a ó kọ ni pé wọ́n kó Àfàlá pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ní Òṣoògùn ní 1821. Pé ó tún rí ọmọ náà ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n. Pé wọ́n ṣe ìrìbọmi fún un ní 1848, ó sì di Hannah. Àfàlá bí Àjàyí. Àjàyí bí Abigail. Abigail bí Herbert ní 1864, ọdún kan náà tí wọ́n fi Àjàyí jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Àfàlá di Hannah, Àjàyí di Crowther, Abigail Crowther di Macaulay nílé ọkọ: kò sí orúkọ kan tó ti ọ̀dọ̀ Àfàlá dé ọ̀dọ̀ Herbert.